Òfin Iṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Àjọdá: Láti Guangdong dé Igbẹsà

Ẹni tí ó bá ti Ìlaròó gba Òwodé àti Adó-Odò lọ sí ìhà gúúsù yóò dé Igbẹsà, ìlú Àwórì. Ibẹ̀ ni àgbègbè òwò tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn oníṣòwò láti Guangdong, ní ilẹ̀ Ṣáínà, jọ dá sílẹ̀ wà. Oṣù Kẹfà ọdún 2007 ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àgbègbè yìí bá délẹ̀, ilẹ̀ àti owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mẹ́nu bà. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í tètè jáde, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ní ìtàn nínú.

Àwọn ará Guangdong fúnra wọn ti gba àlejò rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1979 ni Ṣáínà ṣe òfin tí ó gba àjèjì láàyè láti bá ọmọ ilẹ̀ náà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Owó tí àjèjì yóò mú wá kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 25 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, ìhà ti Ṣáínà ni ó ń yan alága ìgbìmọ̀ olùdarí. Ó di ọdún 1990 kí wọ́n tó yí ìyẹn padà. Ní ọdún 1980, tí Shenzhen àti Zhuhai, ìlú méjèèjì ní Guangdong, di àgbègbè òwò àkànṣe, ni òfin àbójútó òṣìṣẹ́ jáde. Òfin yìí béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti tako ìdádúró tí kò tọ́. Ó sì pàṣẹ pé kí owó-iṣẹ́ jẹ́ ìdá 120 sí 150 nínú 100 iye tí ilé-iṣẹ́ ìjọba irú rẹ̀ ń san. Gbogbo owó náà kọ́ ni ó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ o. Ìjọba ń yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Irú òfin wo ni àwọn àlejò bá ní Igbẹsà? Òfin 63 ti ọdún 1992 ni, èyí tí ìjọba ológun ṣe. Ó ní fún ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí àgbègbè òwò bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò gbọdọ̀ sí ìyanṣẹ́lódì, agbanisíṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn aláṣẹ àgbègbè òwò ni yóò parí rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó tún gbà kí ọ̀gá àgbà jẹ́ àjèjì. Ará Guangdong tí ó bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ní ilé wá bá ọ̀nà tí onílé ti ti pa mọ́ wọn. Àlejò kọ́ ni ó ti í. Orílẹ̀-èdè tí ó fi òfin ọdún 1972 àti 1977 ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe é.

Olórí pàápàá kò dúró sójú kan. Ní ọdún 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àkóso lọ́wọ́ alábòójútó àkọ́kọ́, ó gbé e fún Zhongfu, ilé-iṣẹ́ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Zhuhai. Àdéhùn ọdún 2013 fún un ní ìdá 60 nínú 100. Ní ọdún 2016, wọ́n tún lé e. Àdéhùn tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ṣe ní ọdún 2001 lórí ààbò olùdókòwò ni ilé-iṣẹ́ Zhongshan, tí Zhongfu jẹ́ tirẹ̀, gbé lọ síwájú àwọn onídàájọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là fún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ ní Paris jẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ òfuurufú ìjọba àpapọ̀ mẹ́ta.

Owó olùdókòwò ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin kì í ṣe ẹlẹ́jọ́, àdéhùn ọdún 2001 kò sì fún un ní ẹnu-ọ̀nà kankan tí ó lè gbà wọlé.