Láti Ara Ẹja Òjìjí Dé Bátìrì Inú Ara: Ìtàn Iná àti Ẹ̀yìn Ríro



Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún 19 ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ó ń gbé wọn dìde, ó ń gbé wọn jókòó, títí ẹ̀yìn tirẹ̀ fi kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìrora náà kò lọ, ó tiẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Lóṣù tó kọjá ló pè mí: "Tíṣà wa, dókítà ní àwọn lè fi wáyà àti bátìrì sí mi lẹ́yìn, kí iná máa dá ìrora náà dúró. Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, bá mi wádìí rẹ̀ wò."

Nínú kíláàsì wa, ìbéèrè méjì la máa ń bi gbogbo ìtàn: ta ló sọ ọ́, báwo ló sì ṣe mọ̀? Òun náà ni mo gbé lọ bá ọ̀rọ̀ yìí.

Fífi iná wo ìrora ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Jésù, oníṣègùn ará Róòmù kan, Scribonius Largus, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tí orí ń fọ́, tàbí tí oríkèé ẹsẹ̀ ń ro, fi ara kan ẹja òkun kan tó ní iná lára, títí ibi tó ń dùn ún yóò fi kú. Ẹni tó bá dàgbà létí odò nílé mọ ẹja mìíràn tó ní iná lára: òjìjí inú odò Ọya, tí apẹja kì í dì mú lẹ́ẹ̀mejì. Largus rí i pé ara ń fúyẹ́. Kò mọ ohun tó fà á.

Ọdún 1965 ni àlàyé kan tó múná dóko jáde. Ronald Melzack, ará Kánádà, àti Patrick Wall, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ẹnubodè kan wà nínú okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Iṣan tín-ín-rín ló ń gbé ìrora wá, iṣan tó nípọn ló ń gbé ìfọwọ́kàn. Bí ìfọwọ́kàn bá pọ̀ lẹ́nubodè, oníbodè á ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrora. Ẹ wo bí a ṣe ń yára fi ọwọ́ pa orúnkún ọmọ tó ṣubú. Àwọn onímọ̀ ti tún àlàyé náà ṣe láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Lọ́dún 1967, Dókítà C. Norman Shealy ní Cleveland, Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Thomas Mortimer, akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, ṣe ẹ̀rọ kékeré kan. Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn ọkùnrin ẹni 70 ọdún kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìrora rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kú. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Síbẹ̀, láti orí ẹnì kan yẹn ni ẹ̀rọ náà ti tàn kálẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba ẹ̀rọ àti ẹni tí kò ní gbà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2005 láti Johns Hopkins fi ẹ̀rọ wé àtúnṣe iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn 19 tó gba ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́ fún 9. Nínú àwọn 26 tí wọ́n tún là, ó ṣiṣẹ́ fún 3 péré. Ní 2007, Krishna Kumar ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn kọ nípa 100 èèyàn tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kò wo ìrora wọn sàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìrora ẹsẹ̀ dín sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ẹ̀rọ, àti 9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo ìtọ́jú lásán. Ẹ kíyè sí i: ìrora ẹsẹ̀ ni wọ́n wọ̀n jù. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó gba ẹ̀rọ ló bá ìṣòro pàdé, bíi kí wáyà yẹ̀ tàbí kí ojú ọgbẹ́ gba kòkòrò. Ní 2008, NICE, àjọ tó ń gba NHS nímọ̀ràn, fọwọ́ sí i fún ìrora tó ti ara iṣan wá, fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dán an wò tó sì rí ìtura.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé iná ló ṣe é? Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń dà bíi pé èèrà ń rìn lára èèyàn. Gbogbo ẹni tó ní i ló mọ̀ pé òun ní i, ìrètí nìkan sì lè mú ìrora fúyẹ́. Nígbà tí irú iná tí ara kì í mọ̀ dé, ó ṣeé ṣe láti pa ẹ̀rọ láìjẹ́ kí ẹni tó ni í mọ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún 50 èèyàn ní orílẹ̀-èdè Norway. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022: títan àti pípa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé ìwádìí 13 lórí ẹ̀yìn ríro kalẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti máa lò ó yàtọ̀ sí inú ìwádìí. Àwọn dókítà mìíràn kò gbà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe lo iná ní Norway kọ́ ni àwọn ṣe ń lò ó. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn tí ara wọn fúyẹ́ láìsí iná ń purọ́. Òótọ́ ni ìrora wọn, òótọ́ ni ìtura wọn. Ohun tó fà á là ń wá.

Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbà, mi ò sì ní kó kọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀ fún un láti bi dókítà. Ṣé ìrora ẹ̀yìn lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí wò ni, àbí ti ẹsẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni màá fi dán an wò, kí sì ni a ó fi mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Bí kò bá ṣiṣẹ́, ta ni yóò yọ ọ́, nígbà wo? Ó ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹ bi àgbàlagbà kan nílé nípa ohun tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ríro nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kí ẹ sì fi ìbéèrè kejì lé e, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀: báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, mà/sà?