Òǹtẹ̀, Yìgì àti Ilé Rírà ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbé ní Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá ti so yìgì tán, ilé rírà ni ó kàn. Ó yẹ kí á mọ ìtàn owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà ní England, nítorí ojú tí òfin owó yìí fi ń wo tọkọtaya yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń wò wọ́n ní mọ́sáláṣí.

Ní ọdún 1694, lábẹ́ ìjọba William àti Mary, England ń bá ilẹ̀ Faransé jagun. Láti rí owó ogun, wọ́n pàṣẹ pé kí á máa sanwó òǹtẹ̀ lórí ìwé àdéhùn. Ogun parí, owó òǹtẹ̀ kò parí. Ní 1 December 2003, ó di owó orí lórí ilé àti ilẹ̀ fúnra wọn. Òfin ọdún náà ṣe àwọn Mùsùlùmí lóore: ilé tí báńkì kọ́kọ́ rà kí ó tó tà á fún ẹni tí ó ń sá fún èlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kan.

Láti 22 November 2017, ìdẹ̀ra wà fún ẹni tí kò tíì ní ilé rí níbikíbi láyé. Bí ẹni méjì bá jọ ra ilé, àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti April 2016 ni àfikún sì ti wà lórí ẹni tí ó bá ní ilé mìíràn; ó di 5 nínú 100 ní 31 October 2024.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé 300,000 pọ́n-ùn lónìí. Bí àwọn méjèèjì kò bá ní ilé rí, wọn kò san kọ́bọ̀. Bí ọ̀kan bá ti ní ilé rí tí ó sì ti tà á, 5,000 ni. Bí ọ̀kan bá ṣì ní ilé tí ó níye lórí ní Ìbàdàn, ó lè di 20,000.

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń rà á ńkọ́? Bí ó bá ní ìyàwó tàbí ọkọ lábẹ́ òfin, tí wọ́n sì jọ ń gbé, wọn a ka ilé ẹnì kejì mọ́ ọn. Bí kò bá sí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ẹni tí ó ń rà nìkan ni wọ́n ń wò.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ yìgì ti wọlé. Ní ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní England dájọ́ lórí yìgì kan tí wọ́n so ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1998 láìfi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọmọ mẹ́rin ni tọkọtaya náà bí, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní kò sí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Yìgì tí a so ní Nàìjíríà ní ìlànà tí òfin ibẹ̀ gbà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Òfin England a máa kà á sí.

Ẹnì kan lè ní èrè ni ó wà nínú rẹ̀, kí àfikún má baà kan òun. Èrè tí ń sọni di àjèjì nínú ilé ẹni ni. Bí ìjà bá dé, ilé tí àwọn tí ó kọ ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin pín nípa àṣẹ kóòtù kò ní owó orí. Ẹni tí kò ṣe ìgbéyàwó òfin, tí ó gba ìpín ẹnì kejì pẹ̀lú gbèsè orí rẹ̀, lè sanwó orí lórí gbèsè náà. Bí orúkọ ìyàwó kò bá sì sí nínú ìwé ilé, òun ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ so yìgì, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ kọ orúkọ àti ìpín olúkúlùkù sínú ìwé kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.