Ojú Alákàn Lórí Pápá

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí àgbà bá pa òwe yìí fún ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò, ohun tó ń sọ ni pé kó máa wo ọ̀tún, kó máa wo òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ alákàn létí odò rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀pá, ó yọ síta, ó ga ju ara yòókù lọ. Bó bá tiẹ̀ ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, ojú ṣì wà lókè tó ń ṣọ́nà. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe to ara rẹ̀ ló mú kí ìṣọ́ra ṣeé ṣe fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí pápá eré ti ń dùn mí. Níbi ìdíje ọ̀kọ̀ jíjù, ẹni tó ń wọn ibi tí ọ̀kọ̀ balẹ̀ sí kò ní ṣaláì bẹ̀rẹ̀, kó tẹjú mọ́ ilẹ̀ àti téèpù. Ojú tí ì bá fi ṣọ́rí ló fi ń jẹun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, nílùú Düsseldorf ní Jámánì, níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kọ̀ gún adájọ́ ìdíje kan, ẹni ọdún 74, lọ́fun lẹ́nu iṣẹ́ ìwọ̀n, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò lójú.

Àwọn aláṣẹ eré orí pápá lágbàáyé mọ̀ pé ìkìlọ̀ nìkan kò tó. Nígbà tí Uwe Hohn ti Ìlà-Oòrùn Jámánì ju ọ̀kọ̀ dé mítà 104.80 ní 1984, pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ọ̀kọ̀ mọ́. Ọ̀kọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe: láti 1986, wọ́n sún ìwúwo ọ̀kọ̀ àwọn ọkùnrin síwájú, kí imú rẹ̀ lè tètè dorí kodò. Òfin sì ní kí a máa fọwọ́ gbé ọ̀kọ̀ padà, a kò gbọ́dọ̀ jù ú padà.

Nílé ìwé tiwa ńkọ́? Olùkọ́ eré ìdárayá kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣọ́ odindi kíláàsì: àwọn kan ń ju ọta irin, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó gólù tí ẹnikẹ́ni ò rì mọ́lẹ̀ dáadáa. Nínú oòrùn ọ̀sán ló ń pariwo títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, a kì í sì í ka ohùn mọ́ ohun tí iṣẹ́ lè bà jẹ́ lára ènìyàn. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí Nàìjíríà ṣe ní 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ tó ń bójú tó owó náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó tó ń dé lẹ́yìn ọgbẹ́ ni.

Ohun tí mo ń bẹ ọ̀gá ilé ìwé fún kò wọ́n. Kó fún olùkọ́ yìí ní igbákejì kan ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ju ọ̀kọ̀, kí onítọ̀hún dúró ti ẹni tó fẹ́ jù ú pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́, kó kọjú sí pápá. Bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò bá tíì jáde, kó má fun fèrè, kí ọ̀kọ̀ sì wà ní gígún mọ́lẹ̀.