Ata, Ataare àti Malagueta: Ẹ̀rí Ìtàn Lẹ́nu Alákàrà Bàhíà

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra acarajé, èyí tí í ṣe àkàrà wa, ní ìlú Salvador ní Bàhíà, alákàrà lè bi í bóyá gbígbóná ni ó fẹ́. Kì í ṣe ti iná ni ó ń wí, ata ni. Ìwọ̀nba tí yóò tó ọjà tirẹ̀ ni alákàrà ń sè: malagueta lílọ̀ tí a fi epo pupa dín, tí àwọn mìíràn ń fi edé gbígbẹ sí.

Orúkọ malagueta yìí gba àkíyèsí. Ṣáájú ọdún 1492, ata Amẹ́ríkà kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Ataare àti iyèré wà lára ohun tí ń ta ènìyàn lẹ́nu. Ataare ni àwọn Potogí ń pè ní malagueta ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, orúkọ náà rékọjá òkun, ó di ti ata Amẹ́ríkà kan ní Bràsíl. Irúgbìn ata, ní tirẹ̀, rékọjá wá sọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé Áfíríkà kàn gba ata lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Irúgbìn wá, orúkọ lọ. Àwọn tí a kó lẹ́rú sì gbé ọgbọ́n àkàrà díndín lọ. Ní 2005, ìjọba Bràsíl forúkọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn ogún náà kò gbọdọ̀ fi ìkòkò ata sílẹ̀.