Fàdákà Tí Ó Ń Jẹ́rìí

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, fàdákà ni àwọn ará Ṣáínà fi ń san owó orí. Kì í ṣe owó pẹlẹbẹ bí ṣílè, ìṣù ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ a yọ́ fàdákà, wọn a dà á bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọn a sì wọ̀n ọ́n. Liang ni orúkọ ìwọ̀n wọn. Liang kan tó nǹkan bíi giráàmù 37, àwọn ìṣù ńlá sì jẹ́ 50 liang. Ní 1933 ni ìjọba fòpin sí fífi liang ṣírò owó. Lónìí àwọn olówó ń wá ìṣù wọ̀nyí rà, àwọn oníjìbìtì náà sì ń rọ ayédèrú. Báwo ni a ó ṣe mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́?

Ìwé kíkà ni ìbẹ̀rẹ̀. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, ni a ń ka ìwé ayé ìgbà náà. Lára ìṣù a lè rí orúkọ ìlú, ọdún ọba, irú owó orí tí a fi san, àti orúkọ alágbẹ̀dẹ. Orúkọ alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: bí fàdákà bá lábùlà, ẹni tí ìjọba yóò wá mú nìyẹn. Bí a bá kà pé ‘Guangxu, ọdún kẹwàá’, a ó rántí pé 1875 ni ọdún kìíní Guangxu. Nítorí náà 1884 ni. Ọdún 34 péré ni ìjọba náà. Ìṣù tí ó bá wí pé ‘Guangxu, ọdún ogójì’ ti fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpùrọ́ náà lè mọ̀wé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yí ìṣù náà padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, níbi tí afẹ́fẹ́ ti jáde nígbà tí fàdákà ń tutù. Ojú rẹ̀ a sì ní ìlà yípo bí ìgbì omi. Etí òǹtẹ̀ gidi a máa mú. Etí ọ̀rọ̀ tí a dà pọ̀ mọ́ ìṣù a máa kú. Fàdákà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àbọ̀. Idẹ kò tó bẹ́ẹ̀, òjé sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá pa òjé pọ̀ mọ́ idẹ lè tan òṣùwọ̀n jẹ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó dá ẹjọ́.

Ẹ wo ọ̀ràn Jiangkou ní ìpínlẹ̀ Sichuan. Zhang Xianzhong, ọlọ̀tẹ̀ tí ó fi ara rẹ̀ jọba ní 1644, ni a ṣẹ́gun lójú odò níbẹ̀ ní 1646. Àwọn ará ibẹ̀ ń kọ ọ́ lórin láti ìran dé ìran pé ìṣúra rẹ̀ rì sínú odò. Àwọn mìíràn kà á sí àlọ́. Ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń walẹ̀ rí ìṣù fàdákà 7 nínú igi tí a gbẹ́ níhò. Ní 2017, àwọn awalẹ̀pìtàn sé apá kan odò náà, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì rí ohun tí ó ju 30,000 lọ. Orúkọ àwọn àgbègbè Hunan àti Hubei wà lára àwọn ìṣù náà, níbi tí ogun Zhang ti jà kí ó tó wọ Sichuan. Òógùn ojú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni ogun kó lọ. Báyìí ni fàdákà ṣe jẹ́rìí sí orin àgbà.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ayédèrú fi burú ju olè lọ. Olówó nìkan ni olè ń jà. Ẹni tí ó rọ ayédèrú gbé ẹlẹ́rìí èké wá síwájú ìtàn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwa tí oríkì àti ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ogún wa: kí a má ṣe gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ láìwádìí, kí a má sì ṣe dà á nù láìwádìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.