Ìkọ́ṣẹ́ Ọwọ́ Gọ́ọ̀fù: Ted Rhodes àti Lee Elder

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kíkọ́ ni mímọ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn eré gọ́ọ̀fù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tí mímọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ eré náà dunjú lè wà lẹ́yìn ọgbà títí ọjọ́ ogbó, bí ó bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí lè rò pé agbára apá ni a fi ń gbá a. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá gbé ọ̀pá sẹ́yìn, èjìká rẹ̀ ni yóò yí, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ọ̀pá bá ń bọ̀ wálẹ̀, ìbàdí ni ó ń ṣíwájú, apá a tẹ̀ lé e, orí ọ̀pá a sì gbẹ̀yìn. Bí apá bá kánjú ṣíwájú ara, bọ́ọ̀lù lè yà sínú igbó. Ẹni tí ń gbá a kò sì lè rí ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí òṣèré tí ó mọṣẹ́ pàápàá fi ń wá ojú olùkọ́.

Níbo ni aláwọ̀ dúdú yóò ti rí olùkọ́? Púpọ̀ nínú wọn fi ojú jí iṣẹ́ náà kọ́ nígbà tí wọ́n ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn olówó aláwọ̀ funfun. Bẹ́ẹ̀ ni Ted Rhodes, tí a bí ní ìlú Nashville ní ọdún 1913, ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ gọ́ọ̀fù fún Joe Louis, akànṣẹ́ tí ó gba adé àgbáyé ní ọdún 1937.

Ṣùgbọ́n PGA, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ ní ọdún 1934 pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 1948, Rhodes àti Bill Spiller ṣe dáadáa nínú ìdíje Los Angeles, èyí tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti gbá ti Richmond ní Califonia. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì lé wọn. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. PGA ṣèlérí pé òun kò ní í ṣe ẹ̀yà mẹ̀yà mọ́, ni wọ́n bá parí ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìdíje wá di ti ìkésíni: ẹni tí a kò bá pè kò lè wá.

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Lee Elder, ọmọ òrukàn láti Dallas, bá Joe Louis gbá gọ́ọ̀fù. Elder náà ti ru àpò rí. Ó tó ọmọ ọdún 16 kí ó tó gbá ihò 18 tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpàdé yìí ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Rhodes, ẹni tí ó mú un sọ́dọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí ó tún eré rẹ̀ ṣe, tí ó sì gbà á níyànjú láti máa lọ sí ìdíje.

PGA pa òfin burúkú náà rẹ́ ní ọdún 1961. Rhodes ti ń súnmọ́ 50 ọdún nígbà náà. Ìgbà ọ̀ṣìngín rẹ̀ ti kọjá. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó wọlé. Elder dara pọ̀ mọ́ ìdíje PGA ní ọdún 1968. Ní ọdún 1971, ó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje gọ́ọ̀fù Nàìjíríà. Ní ọdún yẹn kan náà, Gary Player pè é sí Gúúsù Áfíríkà. Kò gbà láti lọ àfi ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ gbà pé wọn kò ní í ya òun àti àwọn òǹwòran sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbá ìdíje Masters ní Augusta.

Rhodes kò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní ọdún 1969. Ọdún 2009 ni PGA tó fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Elder ní tirẹ̀ wà láyé ní ọdún 2021 nígbà tí Augusta bu ọlá fún un níbi ìṣíde ìdíje náà. Ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ẹ̀kọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn fún Rhodes. Síbẹ̀, nítorí pé kò dá ìmọ̀ rẹ̀ jẹ, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí kò bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lófìfo.