Gìrì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan àti Àyẹ̀wò Ọpọlọ Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ni gìrì. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú àìsàn ọmọdé. Ìdáhùn mi ni pé, nígbà tí ìyá bá fi máa gbé ọmọ rẹ̀ dé ibùdó ìlera alábọ́dé, gìrì ti sábà máa ń dáwọ́ dúró. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, nọ́ọ̀sì kò sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá. Bí ó bá béèrè dáadáa, ó ti ṣe ìdajì àyẹ̀wò náà. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n béèrè, kò sí ẹ̀rọ kankan ní ibùdó kékeré bẹ́ẹ̀ tí yóò bá a ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Gìrì wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń ya àwòrán ohun tí wọ́n dúró fún. Ẹni tí ẹ̀rù bá dédé bà a máa ta gìrì. Ẹsẹ̀ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ń sáré a máa dún gìrìgìrì. Òjijì àti agbára ni ó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ pé "gìrì mú ọmọ náà", a ti sọ ìró di orúkọ, a sì ti fún orúkọ náà ní ọwọ́ tí ó fi ń mú ènìyàn. Gìrì ni olùwà, ọmọ ni àbọ̀, bí a ti ń sọ pé òtútù mú mi tàbí pé ebi ń pa mí. Gírámà wa ti sọ gìrì di àrùn kan tí ó dá dúró, tí ó ti ìta wá bá ọmọ. Lójú oníṣègùn, àmì lásán ni. Ooru ara nìkan lè fà á, ibà tí ó wọ ọpọlọ lè fà á, lọ́rùnlọ́rùn lè fà á, àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wárápá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń fi àwọn àgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ya gìrì sọ́tọ̀ kúrò lára wárápá láti ọjọ́ pípẹ́, ìyàtọ̀ náà sì mọ́gbọ́n dání. Gìrì ni ti ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì máa ń fi ọmọ sílẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Wárápá ni èyí tí ń padà wá láìsí ooru ara. Àwọn dókítà òde òní náà sọ pé láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ooru ara máa ń fa gìrì jù lọ. Ohun tí ó burú ni pé nígbà tí a ti gbà pé gìrì jẹ́ àrùn kan ṣoṣo, a wá oògùn kan ṣoṣo fún un.

Oògùn náà ni àgbo ìtọ̀ màlúù. A óò gba ìtọ̀ màlúù sínú ìgò, a óò rẹ ewé tábà, ẹfinrin, aáyù àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀, a óò fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí a óò lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ òórùn ìgò yẹn. Bí gìrì bá mú ọmọ, a óò da àgbo sí i lẹ́nu, a óò sì fi ìyókù pa á lára. Àwọn mìíràn a máa ti ṣíbí bọ ẹnu ọmọ, àwọn mìíràn a sì máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná kí ó lè jí. Àpá iná náà wà lẹ́sẹ̀ àgbàlagbà mìíràn títí di òní.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbo yìí yẹ̀ wò lára ẹranko nínú yàrá ìwádìí. Ohun tí wọ́n rí bani lẹ́rù. Àgbo náà ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń mú èémí rẹlẹ̀. Tábà inú rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí ara ọmọdé lè gbà. Ọpọlọ kò lè ṣe láìsí ṣúgà. Nítorí náà, ọmọ tí gìrì rẹ̀ ìbá dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan lè mu àgbo, kí ó sì wọ inú oorun tí kò ní jí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, dókítà kò ní mọ̀ bóyá ibà ni ó dá a kú tàbí àgbo. Ìyá nìkan ni ó mọ̀, ìyá kì í sì í fẹ́ sọ, nítorí ó ti mọ irú ojú tí wọn yóò fi wo òun.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà sí ohun ńlá. Ní ọdún 1956, David Morley, oníṣègùn ọmọdé ará Bìrìtìkó, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1961. Ó rí i pé àwọn ọmọ ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì wá gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn. Láti ibẹ̀ ni kíliníìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti gbòòrò, pẹ̀lú káàdì ìdàgbàsókè tí a fi sọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n ara ọmọ ni ènìyàn máa ń rántí tí a bá dárúkọ káàdì yẹn. Èmi ń wo ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Ẹ̀rí nípa ọmọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń wò ó lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ni ó sì ń bi í léèrè, ní oṣooṣù, kí àìsàn tó dé. Ìyá tí ó ti mọ nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni yóò lè jẹ́wọ́ ìgò àgbo.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun. Wọ́n bí i ní 1935, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àrùn ọpọlọ ní Ìbàdàn kí ó tó dolóògbé ní 1995. Kò dúró de aláìsàn nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ìgbèríko láti 1963, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ìlú tí ó ní nǹkan bí 20,000 ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ni ó kọ́kọ́ ń béèrè ìbéèrè. Àwọn tí ìdáhùn wọn bá mú ìfura wá ni àwọn onímọ̀ ọpọlọ tún ń yẹ̀ wò. Nínú àbájáde wọn ní 1987, ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ni ó ní wárápá. Ní Ayétẹ̀, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀, ìwádìí kékeré tí ó ṣáájú ti rí 37 nínú 1,000. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìdí kan ṣoṣo ṣàlàyé. Lójú tèmi, ohun tí ìwádìí méjèèjì kọ́kọ́ fi hàn ni pé ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ dáadáa lè bá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú wọ ilé aláìsàn, kí dókítà tó débẹ̀. Wárápá sì jẹ́ àrùn tí àwọn ènìyàn ń fi pamọ́, nítorí ìgbàgbọ́ pé itọ́ ẹni tí ó ní in ń ranni. Irọ́ ni, kì í ranni.

Ọlíkóyè Ransome-Kútì, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ni ó mú ètò ìlera alábọ́dé gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìlànà kan jáde tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò, èyí tí wọ́n ń pè ní IMCI. Àmì ewu mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá: ọmọ tí kò lè mu tàbí kí ó fa ọmú, ọmọ tí ń bì gbogbo ohun tí ó bá jẹ, ọmọ tí gìrì mú nínú àìsàn yìí, àti ọmọ tí ń tòògbé lọ́nà tí kò yẹ tàbí tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Méjì nínú mẹ́rin ti ọpọlọ ni. Bí ara bá gbóná, yóò tún wo ọrùn bóyá ó le, bí àwọn baba wa ti fi ìyẹn sọ àrùn náà ní lọ́rùnlọ́rùn.

Ohun méjì nínú ìlànà yìí ni mo fẹ́ràn. Èkíní ni pé ó pa á láṣẹ kí a fi ọ̀rọ̀ tí ìyá mọ̀ bi í nípa gìrì. Èkejì ni pé, kí ọmọ tí ó léwu tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí a fún un ní ọmú, tàbí omi ṣúgà bí ó bá lè gbé e mì: ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà nínú mìlílítà 200 omi. Ẹ rántí ìgò ìtọ̀ màlúù. Ohun tí ìgò yẹn ń gbà kúrò lára ọmọ gan-an ni ìlànà yìí ń dá padà.

Fún ọmọ tí ó ti dá kú, àwọn dókítà ní Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì, ti ṣe ìwọ̀n kan jáde ní 1989 nítorí ibà tí ó wọ ọpọlọ. Ìwọ̀n ti Glasgow, ti 1974, ń retí kí aláìsàn sọ̀rọ̀, ọmọ ọwọ́ kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ti Blantyre ń wo bí ojú ọmọ ṣe ń tẹ̀lé nǹkan, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń dáhùn sí ìrora, àti irú ẹkún tí ó ń sun. Máàkì márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gba méjì tàbí kí ó dín ti dá kú.

Mo padà sí gírámà. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ìyá pé "Ṣé gìrì mú un?", ìyá lè dáhùn pé rárá, nígbà tí ọwọ́ òsì ọmọ nìkan ni ó ń jà pìtìpìtì, nítorí èyí kò jọ gìrì lójú rẹ̀. Òmíràn lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí òtútù ibà kàn mú kí ọmọ gbọ̀n rìrì, tàbí nígbà tí ariwo mú kí ó ta gìrì. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè wo? Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí mo bá ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé: "Ìyá Báyọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ara rẹ̀ le ni àbí ó rọ̀? Ibo ni ojú rẹ̀ ń wò? Ṣé ọwọ́ méjèèjì ni? Ṣé ó gbọ́ nígbà tí ẹ pè é?" Nípa bí ó ti pẹ́ tó, kò béèrè iye ìṣẹ́jú, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ìyá wo aago. Ó ń béèrè ibi tí ó bá a dé: ṣé ó dáwọ́ dúró kí ẹ tó jáde nílé, àbí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà? Lẹ́yìn náà ni yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí ni ẹ ti fún un mu? Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní bá yín jà."

Mo ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka-èdè wa ní fún gìrì, fún ìgbọ̀nrìrì àti fún kí ọmọ má mọ ara rẹ̀ jọ. Ẹ̀yin ará Oǹdó, Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, bí àwọn ìyá yín bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi gbólóhùn tí ìyá fi sọ ọ́ kún un.